Bí A Ṣe Lè Mú Kí Òtítọ́ Tà Nínú Kíláàsì

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ní "èmi ni mo ṣe é" á jẹ pàṣán, èyí tó bá ní "èmi kọ́" á lọ jókòó. Kì í pẹ́ tí ọmọ ọdún méje fi ń mọ èyí tó ń tà nínú méjèèjì. Praimárì kẹta ni mò ń kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ohun tí mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí sọ kò ju ẹyọ kan lọ: àwa àgbà ló yẹ ká máa ra òtítọ́. Bí a ò bá rà á, àwọn ọmọ ò ní gbé e wá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè. Ẹ má bi ọmọ ní ohun tí ẹ ti mọ̀. Ká ní ike omi mímu dànù lẹ́nu ọ̀nà, tí níkà ọmọ kan sì rin gbìndìn. Bí ẹ bá ní, "Ìwọ lo da omi yìí nù, àbí ìwọ kọ́?", irọ́ lẹ fi ọwọ́ ara yín pè yẹn. Ojú ọmọ á kọ́kọ́ lọ síbi tí pàṣán wà, ẹnu rẹ̀ á ní, "Èmi kọ́ o, Àǹtí." Tí irọ́ bá sì ti jáde, yóò máa gbèjà rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ omi á di ọ̀rọ̀ ìbúra. Ẹ kúkú sọ ohun tí ẹ rí: "Omi dànù, níkà ẹ náà sì tutù. Báwo ló ṣe jẹ́?" Kí ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn nira fún olùkọ́, pàápàá nígbà tí àwọn tó kù bá ń pariwo, ṣùgbọ́n ẹ fara dà á. Nígbà tó bá ní, "Ẹ má bínú mà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ ń sáré," ẹ kọ́kọ́ sọ pé, "O ṣeun tó o sọ òótọ́." Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ fún àwọn méjèèjì ní àkísà kí wọ́n nu ilẹ̀, kí wọ́n sì lọ pọn omi míì. Wọn ò bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ o. Ohun tí wọ́n bà jẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe, a ò sì fi ìyà kankan kún un nítorí pé wọ́n jẹ́wọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á ní láìsí pàṣán, ọmọ ò ní gbọ́ràn. Ní 2011, Victoria Talwar àti Kang Lee, àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí irọ́ ọmọdé, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí. Ilé-ìwé méjì ni wọ́n lò, ọ̀kan ń na ọmọ, èkejì kì í nà wọ́n. Wọ́n gbé ohun ìṣeré sẹ́yìn àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n ní kí wọ́n má bojú wẹ̀yìn, wọ́n wá fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn tó bojú wẹ̀yìn pọ̀ ní ilé-ìwé méjèèjì. Àmọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé pàṣán ló purọ́ jù, àwọn ló sì mọ irọ́ wọn bò jù nígbà tí wọ́n bi wọ́n síwájú sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àlọ́ tí à ń pa náà. Ta ni ò mọ àlọ́ Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo kó lè lóyún? Ikùn rẹ̀ wú, ó sáré padà lọ bá babaláwo, ó ní gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú tí ọbẹ̀ fi ta sí òun lọ́wọ́, tí òun sì fọwọ́ kan ẹnu. Àwọn ọmọ máa ń gbe orin rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìyà ikùn parí ẹ̀, ẹ̀rù nìkan la fi kọ́ wọn. Kang Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ìwádìí mìíràn jáde ní 2014. Wọ́n rí i pé ìtàn Pinocchio, ọmọláńgidi tí imú rẹ̀ ń gùn bó bá purọ́, kò dín irọ́ ọmọdé kù. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé pé òun lòun gé igi tí bàbá sì yìn ín, ló mú kí àwọn ọmọ sọ òótọ́. Torí náà, bí ẹ bá ti pa àlọ́ yẹn dé ẹnu ọ̀nà babaláwo, ẹ dúró. Kí ọmọ kan ṣe Ìjàpá, kó sọ òótọ́ tó yẹ kó sọ. Kí òmíràn ṣe babaláwo, kó yìn ín kó tó wá ẹ̀rọ̀ sí ikùn náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é dáadáa, torí pé lẹ́nu babaláwo yẹn ni wọ́n ti ń gbọ́ bí àgbà ṣe ń gba òtítọ́ lọ́wọ́ ọmọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọjà tí kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn bàbá wa máa ń pàtẹ irè oko sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye owó hàn, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ á mú ọjà, á fi owó sílẹ̀. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ, kí ẹ wá gbé tábìlì kékeré sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹ to pẹ́ńsù àti írésà lé e, kí òkúta kan dúró fún ₦50, ẹ gbé abọ́ owó tì í. Tí ilé-ìwé bá fẹ́ parí, kí àwọn ọmọ fúnra wọn ka ọjà tó kù àti owó tó wọlé. Ìṣirò ọjọ́ náà nìyẹn. Bí owó bá dín, ẹ kọ iye tó dín sójú pátákó. Ẹ má tú àpò ẹnikẹ́ni, ẹ má fi Bíbélì, Kùránì tàbí irin mú wọn búra. Ẹ fi abọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ di àárọ̀. Nígbà mìíràn, owó á ti padà síbẹ̀ kí wọ́n tó to ìlà àárọ̀ tán. Nígbà mìíràn, kò ní padà, kí ẹ tún pàtẹ. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ kankan ní olè. Orúkọ burúkú yẹn kì í bọ́ lára ọmọ bọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí ńkọ́? Alájọ á kanlẹ̀kùn, màmá á ní, "Sọ fún un pé mi ò sí nílé." Bàbá á wà lórí ọ̀kadà ní Sábó, á máa sọ lórí fóònù pé òun ti wọ Ìlọrin, ọmọ sì wà níwájú rẹ̀ tó ń gbọ́. Bí kò bá sí owó, ẹ jáde kí ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kò sí lónìí, ẹ padà wá lọ́la," kí ọmọ gbọ́. Ní àsìkò kajú, bí ọmọ bá gbé àpò kajú délé, ẹ bi í pé oko ta ló ti ṣà á kí ẹnikẹ́ni tó fi kan ẹnu.

Ọmọ tó ń purọ́ lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú kúlà oúnjẹ àwọn ẹlòmíì, ẹ má tètè dájọ́ fún un. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárọ̀, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Bí kò bá tíì jẹ, ẹ ra ẹ̀kọ àti àkàrà fún un kó jẹ, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohunkóhun.