Bí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣe Lè Gba Gbèsè Rẹ̀ Lọ́wọ́ Ilé-iṣẹ́ Tó Kógbá Wọlé

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹ̀ka owó-wíwọlé ní Kàbà-Búnú, Ìjùmú, Mọ̀pà àti Yàgbà méjèèjì, ọjọ́ tí ẹ kọ sórí ìwé ìbéèrè-owó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ti kógbá wọlé. Ìpín 657 nínú òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ka owó-orí ilé àti owó ìbílẹ̀ yòókù mọ́ gbèsè tí a ó san ṣáájú, ṣùgbọ́n kìkì èyí tí àkókò àtisan rẹ̀ pé láàárín oṣù 12 tó ṣáájú ìtúká ilé-iṣẹ́ náà ni. Bí ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ló pàṣẹ ìtúká, ọjọ́ àṣẹ náà ni a ó ti máa kà á sẹ́yìn, àfi bí wọ́n bá ti yan liquidator fìdíhẹ (liquidator ni ẹni tí a yàn láti kó dúkìá ilé-iṣẹ́ jọ, kó sì fi san gbèsè) ṣáájú rẹ̀. Bí àwọn oní-ìpín ló fẹnu kò láti tú u ká, ọjọ́ tí wọ́n fẹnu kò ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé-iṣẹ́ afọ́kúta kan ní Ìjùmú jẹ ₦400,000 lọ́dọọdún, tí ọdún 2022, 2023 àti 2024 kò wọlé, tí owó ọdún kọ̀ọ̀kan sì yẹ ní oṣù kìíní. Bí àṣẹ ìtúká bá jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2024, owó ọdún yẹn nìkan ló ní ẹ̀tọ́ ìṣáájú; ₦800,000 yòókù yóò tò sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn olùtajà tó ta ọjà àwìn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi gbèsè ọdún kan lé òmíràn lórí nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà ń bẹ̀bẹ̀.

Mo ti rí ìwé ìbéèrè-owó kan tí wọ́n fi lé mẹ́gádì lọ́wọ́ lẹ́nu géètì, tí kò fọwọ́ sí i, tí ẹ̀dà rẹ̀ nínú ìwé kábọ́ọ̀nù sì ti ṣá tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ̀ bóyá 3 tàbí 8 ló wà níbẹ̀. Ó dùn mí, nítorí owó ojú pópó àti ti ọjà ni. Ẹ gba orúkọ àti ìfọwọ́sí ẹni tó gba ìwé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Nígbà tí liquidator bá kéde kí àwọn tí a jẹ ní gbèsè wá, ẹ má dúró dìgbà tí yóò kọ̀wé sí yín. Ẹ kọ gbèsè yín ránṣẹ́ kí gbèdéke tó pé, kí ẹ ya ti oṣù 12 sọ́tọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì so ẹ̀dà ìwé àti ojú-ewé léjà mọ́ ọn.

Ìnáwó ìtúká ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ. Dúkìá tí ilé-iṣẹ́ ti fi dógò ní báńkì ní pàtó kò sí lára ohun tí a ó pín fún yín, ẹ sì lè yẹ ìwé rẹ̀ wò ní Corporate Affairs Commission, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Nínú ìyókù, ẹ̀yin, owó-orí ìjọba àti owó oṣù òṣìṣẹ́ jọ wà ní ipò kan náà. Bí kò bá kárí, olúkúlùkù yóò gba ìpín tó bá ìwọ̀n gbèsè rẹ̀ mu.