Bẹ́ẹ ṣe lè ṣe é tí visor hẹ́límẹ́ẹ̀tì ò fi ní bò mọ́ yín lójú lórí eré

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi káà sáré ìje, ẹ mọ nǹkan tí mò ń sọ. Òjò ń rọ̀, ẹ ti pa visor dé, ìyẹn ike tó mọ́ gaara tó ń bo ojú hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró lórí grid, níbi tí káà ti ń tò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ń retí iná, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó ti funfun báláú, inú ló sì wà, ọwọ́ yín ò lè dé ibẹ̀. Káà tó ń sá 200 kìlómítà ní wákàtí kan máa lọ tó mítà 55 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, ta ló fẹ́ dijú rin ìrìn yẹn?

Èémí yín ló ń fà á. Ó gbóná, omi kún inú ẹ̀, visor ní tiẹ̀ tutù torí atẹ́gùn ìta ń fẹ́ sí i lára, bí èémí bá ṣe kàn án báyìí ìrì á sẹ̀ sí i, bó ṣe ń sẹ̀ sórí koríko láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń burú jù tẹ́ ẹ bá dúró tàbí tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ lé safety car jẹ́jẹ́, ìyẹn káà tó máa ń ṣáájú láti dín eré yín kù tí ewu bá wà lójú ọ̀nà, torí kò sí atẹ́gùn tó máa gbé èémí yẹn jáde.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, sípíréè anti-fog, èyí tí kì í jẹ́ kí visor bò, ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rà, èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ o. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó ṣì lómi nínú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí. Òógùn tẹ́ ẹ là ní eré àkọ́kọ́ ti wọ inú fóòmù àti balaclava, aṣọ tẹ́ ẹ ń fi bo orí lábẹ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá tún wọ̀ ọ́ padà bẹ́ẹ̀, ara yín á mú un gbóná, omi yẹn náà á lọ bá visor. Ẹ gbé fáànù kékeré sí i lẹ́nu kó gbẹ táútáú, ẹ má gbé e sídìí hítà o, ẹ ní balaclava méjì tàbí mẹ́ta kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì nu irun yín gbẹ.

Ẹ ṣí ihò atẹ́gùn tó wà níbi àgbọ̀n. Tí hẹ́límẹ́ẹ̀tì yín bá ní nǹkan tó ń bo imú, tó ń darí èémí sísàlẹ̀, ẹ lò ó, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Tẹ́ ẹ bá dúró, ẹ ṣí visor díẹ̀, bí ìka kan, tí káà bá ti gbéra kẹ́ ẹ pa á dé kí òkúta má lọ fò wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ihò kankan lu sára hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ò ní gbà á.

Ó wá ku visor fúnra ẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí ò le ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, aṣọ múlọ́múlọ́ ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi oògùn anti-fog sí láti ilé iṣẹ́, ẹ má fi ọwọ́ ra inú ẹ̀, ẹ má fi nǹkan míì kún un. Èyí tí ò ní, ẹ kán ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ sí i, ẹ̀kán kan ti tó, ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ nù ún títí ẹ ò fi ní rí ọṣẹ mọ́. Ọṣẹ yẹn kì í jẹ́ kí omi ṣù jọ, ńṣe ló máa tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ á sì máa ríran gba inú ẹ̀. Tó bá pọ̀ jù á ta yín lójú. Ẹ mí sí i kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, ibi tó bá bò, ẹ tún un ṣe. Tọ́ọ̀sìpéésìtì máa ń ha á, omi ìnugíláàsì tó ní amóníà máa ń mú kí polycarbonate, ike tí wọ́n fi ṣe visor, sán.

Fún òjò, visor onípele méjì ló dáa jù lójú tèmi, atẹ́gùn tó há sí àárín ẹ̀ kì í jẹ́ kí òtútù ìta dé ti inú. Nínú káà tó ní òrùlé, rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì máa ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Kẹ́ ẹ sì ṣe visor kejì sílẹ̀, ẹ dì í sínú báàgì tó gbẹ, ẹ gbé e fún ẹni tó máa wà ní pit, níbi tí wọ́n ti ń tún káà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà eré. Tí èyí tẹ́ ẹ wọ̀ bá bò lórí eré, ẹ ṣí i díẹ̀, ẹ dẹwọ́ eré, ẹ wọlé wá pààrọ̀ ẹ̀.