Bí a ṣe ń ṣe ìpàtẹ ìlù dùndún tí àlejò lè lù, tí kọ̀ǹpútà sì lè dá lóhùn

Orí idẹ ni àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé bá pàdé nínú ilẹ̀ agbolé Wúnmọníjẹ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún 1938. Inú gíláàsì ni irú ohun bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé, nítorí pé bí ó bá bàjẹ́, kò sí èyí tí a ó fi rọ́pò rẹ̀. Ti dùndún yàtọ̀: ẹni tó ń ṣe é ṣì wà, ẹni tó ń lù ú ṣì wà, bí awọ rẹ̀ bá sì ya, a ó fi òmíràn bò ó. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣe ìpàtẹ àjogúnbá wa nímọ̀ràn pé kí ó ti orí dùndún bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan, ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí àlejò mọ̀ kí ó tó jáde. Ní ti dùndún, ohun náà ni pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ inú èdè Yorùbá ni ìlù ń sọ, láìsí kọ́ńsónáǹtì, láìsí fáwẹ̀lì. Bí onílù bá fún okùn awọ tó wà lára ìlù mọ́ra, ojú ìlù á le, ohùn á ròkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ohun tó ń ti ibẹ̀ wá ni pé ìlù kan náà lè ní ìtumọ̀ méjì létí ènìyàn méjì. Àwọn àgbà Ìbàdàn ṣì máa ń fi ìlù tí ilé-iṣẹ́ rédíò fi ń kéde ara rẹ̀ láyé ọjọ́un ṣẹ̀fẹ̀, pé “B’Ólúbàdàn bá kú, ta ni yóò jọyè?” ni àwọn ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lédè Òyìnbó ni onílù ń pè. Ẹ̀fẹ̀ yìí nìkan tó ohun tí a fi ń ṣí ìpàtẹ: kí àlejò kọ́kọ́ gbọ́ ìlù, kí ó yan ìtumọ̀ kan nínú mẹ́ta, kí ó tó rí èyí tí onílù ní lọ́kàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá àwọn ọmọ Àyàn. Àwọn ni kí wọ́n yan gbólóhùn tí a ó gbà sílẹ̀, torí pé kì í ṣe gbogbo oríkì ló yẹ kí ó máa dún ní ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ nípa iye owó wọn àti ibi tí ẹ ti lè lo ohùn náà. Mo ti rí ìpàtẹ tí orúkọ ẹni tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà wà lára ògiri tí ti onílù kò sí níbẹ̀, ojú sì tì mí.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kù. Ẹ ra ìlù tuntun mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é: méjì fún àlejò, ọ̀kan fún ìpamọ́. Máíkì lásán máa ń gbọ́ ariwo gbogbo yàrá, nítorí náà ẹ lẹ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kékeré tó ń mọ ìgbọ̀nrìrì mọ́ ara igi ìlù. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ, kí ó má bàa yí ohùn padà. Kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi lè gba ohun tó bá gbọ́, kí ó sì fi yàwòrán ìlà kan tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà ka iye kan pàtó sí ohùn òkè, iye mìíràn sí ìsàlẹ̀. Awọ máa ń dẹ̀ nígbà òjò, ó sì máa ń le nígbà ọyẹ́, ohun tó jẹ́ òkè lóṣù kìíní lè di àárín lóṣù keje. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fi ohùn kọ̀ọ̀kan wé èyí tó ṣáájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí etí wa ti ń ṣe. Kí àlejò kọ́kọ́ lu dò, re, mí, kí ẹ̀rọ lè mọ ìlù náà. Ẹ má sì fi àpótí mẹ́ta lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún ohùn kọ̀ọ̀kan, rọ́pò ìlà yẹn. Bí a bá pe “Yorùbá”, ohùn òkè tó gbẹ̀yìn máa ń yọ́ gòkè láti ìsàlẹ̀ ni, onílù sì máa ń fún okùn lẹ́yìn tí kọ̀ǹgọ́ bá ti kan awọ kí ó lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àpótí kò lè fi ìyẹn hàn.

Fún àwọn ọmọdé, ẹ lè fi máíkì kan sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, kí àwòrán èyí tí wọ́n pè sì yọ.

Ẹ fi páálí àti bébà ṣe àpẹẹrẹ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó kàn án. Ẹ pe ọmọdé àti àgbà mélòó kan, ẹ dúró sẹ́yìn wọn, ẹ má sọ nǹkan kan; ibi tí wọ́n bá ti ń yíjú wò yín ni ó yẹ kí ẹ tún ṣe. Ẹ fi àyè tó tó àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, kí ẹ sì fi aṣọ tó nípọn bo ògiri kí ìlù méjèèjì má bàa dí ara wọn lọ́wọ́.

Kí gbogbo nǹkan ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó wà lórí ìńfátà, kí kọ̀ǹpútà sì lè tan ara rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Láràárọ̀, kí ẹnì kan lu ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Bí ìlà kò bá gbéra, kí ó da aṣọ bo ojú kọ̀ǹpútà, kí àlejò ṣì máa lu ìlù rẹ̀ lọ títí ẹni tó máa tún un ṣe yóò fi dé.