Bí Ìyá Tó Ní Àtọ̀gbẹ Bá Ń Gbàgbé: Ohun Tí Ará Ilé Máa Ṣe

Màmá ti lo oògùn ṣúgà láàárọ̀, wọ́n tún ń béèrè rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Ẹ má tíì sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Òótọ́ ni pé ṣúgà tó ga fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín inú ọpọlọ jẹ́, ìgbàgbé sì ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àmọ́ èyí tó dé lójijì ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí.

Ẹ fọ ọwọ́ wọn kí ẹ tó gún ìka láti fi ẹ̀rọ wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Oje ọsàn tó lẹ̀ mọ́ ìka lè mú kí ẹ̀rọ sọ pé ṣúgà ga, kó má sì ga. Bí nọ́ńbà bá wà lábẹ́ 70 mg/dL, ṣúgà ti já wálẹ̀. Àgbà mìíràn kì í làágùn, ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ wọn kàn ń dàrú ni. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, ẹ ṣe é bíi pé ó ti já.

Ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́rin mọ́ omi ìdajì ife, tàbí kí ẹ fún wọn ní ìdajì ìgò mínírà 35cl. Èyí tí wọ́n kọ zero sí lára kò wúlò níbí. Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́? Kì í yára dà, epo rẹ̀ tún ń fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tíì tó 70, ẹ tún fún wọn. Ó dìgbà tó bá gòkè kí oúnjẹ gidi tó kàn. Bí wọ́n bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fẹ̀gbẹ́ wọn lélẹ̀, kí ẹ wá ọkọ̀ lọ sí Jẹ́nẹ́rà, ọsibítù ìjọba tó wà ní Ẹ̀pẹ́.

Oògùn ló sábà máa ń fà á. Glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, máa ń pẹ́ lára àgbà, pàápàá bí kíndìnrín bá ti ń ṣàárẹ̀. Ẹni tó gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì lè ta jí, kí ṣúgà tún já lóru. Nítorí náà, ẹ gbé wọn dé ọsibítù bí ojú wọn bá tiẹ̀ ti wálẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa pín oògùn. Ẹ ra àpótí oníhò méje, ẹ kún un lálẹ́ Sunday, kí ẹ ti páálí tó kù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ihò tó ṣófo ni ẹ̀rí pé wọ́n ti lò ó. Bí ẹni tó ń pín in bá ń lọ ra ẹja lọ́jà Olúwo ní ìdájí, kó fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Fún insulin, oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti wà níwájú wọn kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, torí wọ́n lè gbabẹ́rẹ́ tán kí wọ́n gbàgbé oúnjẹ.

Bí metformin bá ti pẹ́ lẹ́nu wọn, ẹ ní kí dókítà yẹ fítámì B12 wọn wò: oògùn náà máa ń dín in kù, àìtó rẹ̀ sì ń fa ìgbàgbé àti ẹsẹ̀ tó ń ta. Ẹ tún béèrè bóyá kí wọ́n dẹ òdiwọ̀n ṣúgà sílẹ̀. Fún àgbà tó ń gbàgbé, HbA1c (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn) tó wà lábẹ́ 8% sábà máa ń tó. Ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró.

Ṣúgà tó ju 300 lọ pẹ̀lú òùngbẹ àti oorun àsùnpara, tàbí ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn dání, àti ìgò àgbo tí wọ́n ń mu ní kọ̀rọ̀, torí ó lè jẹ́ òun ló ń já ṣúgà náà.