Bí mo ṣe kó ọ̀dọ́ 21 àdúgbò wa lọ gba káàdì ìdìbò

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa l'Ágbọwọ́, n'Ìbàdàn, ju òṣèlú lọ. Bí wọ́n bá jí, orí Twitter ni wọ́n wà; kí wọ́n tó sùn, wọ́n á tún jà á lórí WhatsApp. Mo wá bi wọ́n nínú gúrúùpù wa pé ta ló ti ní PVC, ìyẹn káàdì ìdìbò. Nínú èèyàn 43, àwọn 6 péré ló ní i. Ó dùn mí dọ́kàn.

Mo kọ́kọ́ ń fi ìkéde INEC, àjọ elétò ìdìbò, sínú gúrúùpù. Wọ́n á fi àtàǹpàkò sí i, ó tán. Ẹni tí a bá pè ló ń jẹ́, nítorí náà mo fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí mo bá mọ oríkì rẹ̀, oríkì ni mo fi pè é: "Àjàní, mo fẹ́ ká jọ lọ ni o."

Alẹ́ ọjọ́ náà ni èsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n máa ka ìbò wa ṣá?" Mo sọ fún un nípa BVAS, ẹ̀rọ tó ń wo ìka àti ojú olùdìbò, tí wọ́n ti lò ní Anambra lóṣù kọkànlá 2021. Mo tún sọ fún un pé òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2018 ti dín ọjọ́ orí ẹni tó lè du ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kù láti 30 sí 25. Ọmọ ọdún 24 ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó lè kàn mí lọ́dún tó ń bọ̀ nìyẹn?"

Ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa pẹ̀lú fóònù wọn láti bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Email ló jẹ àkókò wa jù: àwọn kan ò ní, àwọn kan ti gbàgbé password. Omidan kan fi orúkọ tó ń jẹ́ lórí Facebook kún fọ́ọ̀mù; mo ní kó pa á rẹ́, kó kọ orúkọ inú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Mo ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, a sì ya fọ́tò wọn níwájú ẹ̀. Ọjọ́ Wẹsidé kan náà ni gbogbo wọn mú láti lọ tẹ̀ka ní ibùdó INEC, kí ìforúkọsílẹ̀ wọn lè parí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já sọ́nà. Wọ́n á rò pé ohun tí wọ́n ṣe lórí fóònù ti parí ẹ̀. Iye tí INEC gbé jáde lẹ́yìn náà fi hàn bẹ́ẹ̀: nínú èèyàn 10,487,972 tó bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 3,444,378 péré ló lọ parí ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi pe ẹnì kọ̀ọ̀kan lálẹ́ Túsìdeè, tí a sì pàdé ní oríta láago mẹ́fà àárọ̀.

Bíríkìlà kan wà nínú wọn. Sìmẹ́ńtì ti jẹ ìka rẹ̀ dan, ẹ̀rọ ò rí ìlà ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fọ̀ ọ́, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà kẹrin ló gbà. Gbogbo wa hó yèè.

Àwọn 13 ló ṣe é lọ́jọ́ náà. Nígbà tí INEC sún ìparí ìforúkọsílẹ̀ láti June 30 sí July 31, mo tún pe àwọn tó kù, 8 sì kún un. Ní January 2023, a tún jọ lọ gba káàdì.

Ní February 25, kí n tó jáde nílé, ohùn bíríkìlà yẹn ló kọ́kọ́ wọ orí fóònù mi: "Àǹtí, mo ti wà lórí ìlà o. Ibo lẹ dé?"