Bí a ṣe ń fi ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ṣàlàyé sẹ́ẹ̀lì fún ọmọ

Bí ẹ bá bi ọmọ SS1 léèrè pé kí ni iṣẹ́ mitochondria, ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán: ilé iná sẹ́ẹ̀lì ni. Ẹ wá bi í pé kí ni sẹ́ẹ̀lì, ègé kékeré abẹ̀mí tí ara wa fi pọ̀, ń fi iná náà ṣe. Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ti há a sórí ni. Ó mọ orúkọ tí wọ́n kọ sójú pátákó, kò mọ iṣẹ́ tó pa gbogbo wọn pọ̀.

Ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ àwọn ọmọ lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́ ní Ọ̀yọ́ níbí rèé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Ẹ mú ọjà kan ṣoṣo tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe, kí ẹ máa tẹ̀lé e bọ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi jáde sóde. Ẹ̀yà tí iṣẹ́ bá kàn ni kí ẹ dárúkọ. Insulin, ohun tó ń bá ara kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ni ọjà tí mo máa ń mú, torí kò sí agbo ilé tí wọn ò ti gbọ́ nípa ìtọ̀ ṣúgà. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni mo sì fi ń ṣàpèjúwe, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti jókòó de aṣọ Iléyá tàbí aṣọ Kérésì rí létí ọjà Akẹ́sán, tí wọ́n ń rán an lójú wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ọmọ ni kó ya ṣọ́ọ̀bù náà

Ẹ fún un ní káádíbọ́ọ̀dù ńlá àti bírò. Kó ya ògiri àti ilẹ̀kùn, yàrá kékeré kan nínú lọ́hùn-ún, máṣíìnì mélòó kan, tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, apẹ̀rẹ̀ àjákù aṣọ ní kọ̀rọ̀, àti jẹnẹrétọ̀. Mo mọ̀ pé ìta ni jẹnẹrétọ̀ máa ń wà nítorí èéfín, àmọ́ inú ni ti sẹ́ẹ̀lì wà, ó sì máa ń pọ̀. Ẹ má tíì jẹ́ kó kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kankan sí i.

Bó ṣe ń yà á, ẹ sọ fún un pé ṣọ́ọ̀bù yìí kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Inú pancreas, lẹ́yìn àpòlúkù, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin wà, bẹ́tà sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń jẹ́. Tí ẹ bá to ọgọ́rùn-ún wọn sórí ìlà kan, ìlà náà ò ní fi bẹ́ẹ̀ ju mílímítà kan lọ. Robert Hooke, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ lo orúkọ náà, sẹ́ẹ̀lì, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1665, nígbà tó fi maikirosíkóòpù wo èèpo igi. Èèpo tó ti kú ni. Ògiri nìkan ló rí, iṣẹ́ ti dá nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún tipẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé tó wà nínú yàrá

Yàrá inú yẹn ni nucleus. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sọ pé òun ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Èmi ò fara mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ tó ń pàṣẹ. Ìwé ni wọ́n tọ́jú síbẹ̀, ìwé tí gbogbo sítáì wà nínú rẹ̀ àti bí a ṣe ń gé ọ̀kọ̀ọ̀kan. DNA ni ìwé náà. Bí ẹ bá tú ti inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí ẹ nà án tọ́ọ́rọ́, yóò gùn tó mítà méjì. Wọ́n dì í sí ìdìpọ̀ 46 tí wọ́n ń pè ní chromosome: 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ojú ewé insulin wà nínú chromosome 11.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí, kí ẹ bi ọmọ náà pé: ṣé sẹ́ẹ̀lì awọ ara rẹ náà ní ojú ewé insulin? Ọ̀pọ̀ máa ń ní rárá. Ó ní in o. Àfi àwọn díẹ̀, bíi sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ti ju nucleus tirẹ̀ nù, odindi ìwé kan náà ló wà nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù ara. Ojú ewé tí kálukú ń ṣí ló yàtọ̀. Télọ̀ tó ń rán agbádá nìkan lè ní sítáì kaba nínú ìwé rẹ̀, kó má ṣí i débẹ̀ títí ayé.

Ìwé náà kì í jáde. Bí iṣẹ́ bá dé, wọ́n á da ojú ewé tí wọ́n fẹ́ lò kọ sórí bébà, bébà yẹn ni yóò lọ bá àwọn tó wà nídìí máṣíìnì. Òun ni mRNA. Bí wọ́n bá lò ó tó, wọ́n á fà á ya.

Ìgbésẹ̀ kẹta: rírán

Máṣíìnì ni ribosome. Ègé aṣọ tó ń so pọ̀ ni amino acid, oríṣi 20 ni. Ribosome á máa ka bébà náà ní lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́ta kọ̀ọ̀kan ló ń sọ amino acid tó kàn. Bó ṣe ń so wọ́n mọ́ra ni ohun tó ń rán ń gùn sí i, títí yóò fi di purotéènì. Èyí tó bá máa jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, irú insulin, wọ́n á máa tì í bọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó so mọ́ yàrá inú bí wọ́n ṣe ń rán an lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni endoplasmic reticulum. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ká a sí bó ṣe yẹ kó rí.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù rèé. Tí télọ̀ bá fẹ́ so apá mọ́ bùbá, ó lè kọ́kọ́ fi òwú ta á wéréwéré kó má baà yẹ̀. Tó bá rán an gidi tán, á tú òwú yẹn kúrò. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe gan-an nìyẹn. Insulin ò jáde lẹ́nu máṣíìnì bó ṣe máa rí. Okùn gígùn kan ni: apá B, ègé kan láàárín, apá A. Ègé àárín yìí ló ń jẹ́ kí A àti B lè kọjú síra wọn dáadáa. Wọ́n á de A mọ́ B lójú méjì, wọ́n á tún de A mọ́ ara rẹ̀ lójú kan. Ìgbà tí ìdè bá mú tán ni wọ́n á tó gé ègé àárín kúrò. Èyí tó kù, amino acid 51 péré, ni insulin. Ègé tí wọ́n gé, tí wọ́n ń pè ní C-peptide, ò ṣòfò lójú dókítà: òun àti insulin jọ ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ ni, nítorí náà wọ́n lè wọ̀n ọ́n láti mọ̀ bóyá ara ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin ṣì ń ṣe tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lílọ̀ ọ́, dídì í

Tábìlì ìlọṣọ ni Golgi body. Camillo Golgi, dókítà ará Ítálì, ló rí i ní 1898. Wọ́n ń to ọjà níbẹ̀, wọ́n ń dì í sínú àpò, wọ́n ń kọ ibi tó ń lọ sí i lára. Vesicle ni àpò náà, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń parí gígé ègé àárín yẹn. Ọ̀pọ̀ àpò insulin kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á so rọ̀, wọ́n á máa retí oníbàárà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìgbà tí oníbàárà kanlẹ̀kùn

Ọmọ jẹ ẹ̀bà. Kò pẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gòkè. Ògiri tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, cell membrane, kì í ṣe bíríkì, ọ̀rá ni, ìpele méjì. Ọ́síjìn lè gba àárín ọ̀rá náà kọjá, ṣúgà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe fún un ló ń gbà wọlé. Tó bá wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ fọ́ ọ sí méjì, wọ́n á wá gbé e wọ mitochondria, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ́síjìn jó o. Iná tó ń jáde níbẹ̀ ni ATP. Rírán, kíká, dídì, gbogbo rẹ̀ ń jẹ iná.

Nínú bẹ́tà sẹ́ẹ̀lì, iná yìí tún ń jíṣẹ́. Bí ATP bá ti pọ̀, sẹ́ẹ̀lì á mọ̀ pé ṣúgà pọ̀ lóde. Àwọn àpò tó so rọ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹnu wọn á là síta, insulin á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ bi ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i pé kí ni sẹ́ẹ̀lì ń fi iná ṣe, kí ẹ gbọ́ bó ṣe máa dáhùn.

Mitochondria ní ìwé kékeré tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá la sì ti ń jogún rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kì í jẹ́ kí àwọn ọkùnrin sinmi lọ́jọ́ tí mo bá sọ èyí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: apẹ̀rẹ̀ kọ̀rọ̀

Lysosome ni. Ohun tó bá gbó, títí kan mitochondria tó ti bàjẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u palẹ̀, kí wọ́n lè lo ègé rẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn.

Ó yá, kí ọmọ kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sára àwòrán rẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kó mọ ibi tí àpèjúwe náà ò bá mu, kó má lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò. Ṣọ́ọ̀bù kì í pín ara rẹ̀ sí méjì, kó da ìwé kọ, kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín máṣíìnì sí máṣíìnì kò sì ṣófo nínú sẹ́ẹ̀lì, omi tó ki ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ mú ewé wá

Ti ewéko ní ògiri líle mìíràn lẹ́yìn ọ̀rá, ó ní àgbá omi ńlá nínú, ó sì ní chloroplast tó ń fi oòrùn ṣe ṣúgà. Ó ní mitochondria pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé kò ní. Ẹ rẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tútù, ẹ bu iyọ̀ sí i, ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀. Omi á sun sísàlẹ̀ abọ́, ewé á rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Àgbá omi ló ń tú jáde gba ara ọ̀rá, nítorí iyọ̀ ti pọ̀ níta ju inú lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ ba nǹkan kan jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù

Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí nínú ìwé ńkọ́? Nínú purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́tà kan tó yí ló fi amino acid tí wọ́n ń pè ní valine sí àyè glutamic acid. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni à ń pè ní SS, òun ló ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú ńkọ́? Sáyánáìdì, májèlé inú gbágùúdá, máa ń dí mitochondria lọ́wọ́ kó má lè lo ọ́síjìn, bí ẹni náà tilẹ̀ ń mí. Kí ẹ tó ṣàlàyé, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sọ ìdí tí àwọn ìyá fi ń rin gbágùúdá, tí wọ́n ń fi í sílẹ̀ kó kan, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ń yan án kí ó tó di gàrí.