"Ọ̀fẹ́" tó jẹ owó Paludrine mi n'Íkòròdú

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe tí wọ́n ṣe fún àwa ọ̀dọ́ tí àìsàn líle ń bá fínra o. SS ni mí, ìyẹn àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell, mo ti parí ẹ̀kọ́ náà, mo sì ti ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó báyìí, ṣùgbọ́n owó tó yẹ kí n fi ra Paludrine, oògùn tí mò ń lò kí ibà má bàa mú mi, ni mo ná kí wọ́n tó gbà mí wọlé.

Ti NIN àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, gbogbo wa la mọ̀yẹn. Fọ́ọ̀mù ìlera ló fa wàhálà. Ojú ìwé kan ní kí dókítà kọ ọ́ pé àìsàn líle ń ṣe mí, ó dáa, mo ṣí i sí èkejì, wọ́n ní kí dókítà kan náà fọwọ́ sí i pé ara mi dá ṣáṣá, mo lè ṣe iṣẹ́ yòówù. Ẹ gbà mí! Dókítà lóun ò ní purọ́, kí n lọ bá àwọn tó ṣètò ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n yí i padà. Mo délé iṣẹ́ wọn, bọ̀dá tó wà níbẹ̀ ń jẹ gúgúrú, kò tiẹ̀ gbójú sókè, "Bí dókítà ò bá ti sáìn, a ò lè mú ẹ nìyẹn."

Mo padà sọ́sibítù, wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì mi, fáìlì tí mo ti ní láti kékeré o, kí n san owó káàdì tuntun, kí n sì tún yẹ genotype wò, bíi pé SS mi ti di AA lóru. Mo dúró lórí ìlà nínú oòrùn títí omi tí mo gbé dání fi tán, kílẹ̀ tó ṣú eegun ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ti ń ro mí, kíráísísì, ìrora líle tó máa ń bá àwa SS, ti dé. Ṣèbí ẹ̀rí àìsàn ni wọ́n ń wá.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló kó mi yọ. Màmá yẹn ní kí dókítà fi ti "ara dá ṣáṣá" sílẹ̀, kó kọ ohun tí mo lè ṣe àtohun tí mi ò lè ṣe sórí ìwé ọ̀tọ̀: mo lè jókòó ṣiṣẹ́, mi ò gbọdọ̀ gbẹ́rù wúwo, kí wọ́n má fi mí síwájú AC, kí n máa mumi dáadáa, kí wọ́n yọ̀ǹda ọjọ́ kíníìkì fún mi. Èmi náà wá tẹ òfin tí Buhari fọwọ́ sí ní January 2019 jáde, èyí tó ní ká má yẹ àwọn tó ní àìlera sílẹ̀, tó sì ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba ya ó kéré tán 5% iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún wọn. Kì í ṣe ẹni tí ò ríran tàbí tí ò lè rìn nìkan ló bá wí, àìlera tó máa pẹ́ lára tó sì ń dín agbára èèyàn kù wà ńbẹ̀. Ọ̀gá àwọn tó ṣètò ẹ̀kọ́ náà kà á, ó wò mí, ó ní kí n wá ní Monday.

Kíláàsì gan-an ò le. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí, omi mi wà nílẹ̀ torí tísà ò fẹ́ kó sún mọ́ laptop. Nínú gbogbo wa, èmi ni mo kọ́kọ́ jí laptop tó ti kú dìde, ẹ lè bínú.

Tó bá jẹ́ èmi ni yín, ìwé dókítà yẹn ni màá kọ́kọ́ gbà kí n tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan, màá sì ya gbogbo ìwé ọsibítù sórí fóònù, torí fáìlì wọn lẹ́sẹ̀. Ti àpótí irinṣẹ́ tí wọ́n láwọn máa fún wa tá a bá parí, a ṣì ń retí ẹ̀.